Kí O Tó Búra Pé Ojú Rẹ Ló Rí I

Òkè-Àdó,
Ìbàdàn.

Àjàní ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ni mo fi lẹ́tà yìí rán, òun pẹ̀lú gàrí àti ẹ̀pà. Mo gbọ́ ohùn tí o fi fóònù ọ̀rẹ́ rẹ ká ránṣẹ́ sí wa. Kú ìbínú, ọkọ mi. Owó àjọ ni bàbá yín fi ra fóònù yẹn fún ọ, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọnù kó má dùn ún. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ju fóònù lọ ni ọ̀rọ̀ kan tí o ń tún sọ ṣáá: "Màámi, mo fi ojú mi méjèèjì rí i." O ní ọmọ yàrá kejì ló jí fóònù rẹ, pé aṣọ bọ́ọ̀lù pupa tó máa ń wọ̀ náà ló wà lọ́rùn rẹ̀, pé ó ń ti yàrá yín jáde nígbà tí wọ́n ti mú iná lọ tí ilẹ̀ sì ń ṣú. O ní tó bá di ọjọ́ Ajé, níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wàá búra.

Mi ò ní kí o má lọ. Mi ò sì sọ pé irọ́ lò ń pa, nítorí mo mọ ọmọ tí mo bí. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ ni pé èèyàn lè jẹ́ olóòótọ́ látòkè délẹ̀, kí ohun tó ní òun rí má sì rí bẹ́ẹ̀. Fara balẹ̀ kà á. Orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ló wà nílẹ̀ yìí.

O mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìsọ̀ mi ní Gbági. Oníbàárà á mú ègé léèsì wá, á ní irú àwọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ ni òun fẹ́ fi kún aṣọ ẹbí òun. A ó tẹ́ tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ lábẹ́ gílóòbù, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Èyí tó ti ra aṣọ rí nínú wọn á ní, "Ìyá Àjàní, ẹ jẹ́ ká mú un síta." Nígbà tí oòrùn bá kàn án, ọ̀kan á yọ búlúù, èkejì á fà sí elésè àlùkò. Aṣọ kò yí padà láàárín ìsọ̀ sí ìta. Ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀. Àwọ̀ tí à ń rí jẹ́ apá kan tí aṣọ dá padà nínú ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e, gílóòbù kò sì ní gbogbo ohun tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ní ọjà wa, a kì í búra lórí àwọ̀ nínú ìsọ̀. Ìta là ń lọ.

Kódà ìta kì í fìgbà gbogbo parí ẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2015, àwòrán ẹ̀wù obìnrin kan gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan rí búlúù àti dúdú, àwọn kan rí funfun àti góòlù. Èmi àti Ìyá Sìkírù jọ ń wo fóònù kan náà, aṣọ méjì la rí, àwa tí a ti fi aṣọ jẹun láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi! Ẹ̀wù náà gan-an, búlúù àti dúdú ni. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé ọpọlọ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ pinnu irú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ya fọ́tò náà kó tó sọ àwọ̀ fún wa. Èyí tó gbà pé inú òjìji ni yọ búlúù kúrò, ó sì rí funfun. Èyí tó gbà pé abẹ́ iná ni yọ pupa rúsúrúsú kúrò, ó rí búlúù. Ìpinnu yẹn, ọpọlọ kò bi ẹnikẹ́ni nínú wa kó tó ṣe é.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ tìrẹ. Kí n tó di oníṣòwò, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń bá wa gba ìmọ́lẹ̀ nínú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn. Èyí tó ń dá àwọ̀ mọ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 nínú ojú kan, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 100, ṣùgbọ́n kò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú, àwọn ti àkọ́kọ́ á máa sinmi, àwọn ti ìkejì á máa gba iṣẹ́. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Purkinje, ọmọ ilẹ̀ Czech, ti kíyè sí i ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn pé òdòdó pupa tó ń tàn yòò lọ́sàn-án ló kọ́kọ́ máa ń di dúdú bí alẹ́ bá ń lẹ́, nígbà tí búlúù ṣì ń hàn dáadáa. O lè dán an wò lónìí. Sá aṣọ pupa kan sórí okùn ní àsìkò àdúrà ìrọ̀lẹ́, kí o máa wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àjàní, wọ́n ti mú iná lọ. Ọ̀nà yàrá yín kò ní fèrèsé, o ti sọ fún mi rí. Báwo ni pupa yẹn ṣe tàn tó bẹ́ẹ̀ lójú rẹ? Ó lè jẹ́ pupa lóòótọ́. Ìbéèrè mi ni pé ṣé ojú ló rí pupa, àbí ọkàn tó ti mọ̀ pé ọmọ yẹn fẹ́ràn aṣọ pupa ló bá ojú kùn ún?

Má rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gbà ọ́ lọ́kàn. Mú bébà funfun. Fa àgbélébùú kékeré kan sí apá òsì, kí o sì tẹ àmì dúdú kan tó tó orí èékánná ìka kékeré sí apá ọ̀tún, kí àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Fi ọwọ́ bo ojú òsì. Fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àgbélébùú yẹn nìkan, má wo àmì. Na bébà náà jìnnà, kí o wá máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sójú rẹ, àmì náà á pòórá. Ibi tí iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ ti gba inú ojú jáde ni, kò sí sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Edme Mariotte, ló ṣàwárí rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1660.

Wo ibi tí àmì náà wà tẹ́lẹ̀ dáadáa. Ṣé o rí ihò? Bébà funfun lo rí, ó mọ́ tónítóní. Ọpọlọ ti fi ohun tó wà láyìíká rẹ̀ lẹ̀ ẹ́, ó sì rán àbùlẹ̀ náà débi pé o ò lè mọ ibi tí aṣọ parí sí. Láti ọjọ́ tí o ti dáyé ni ihò yìí ti wà nínú gbogbo ohun tí ò ń wò. Èmi kò bẹ̀rù ihò náà. Àbùlẹ̀ tí kò ṣeé dá mọ̀ yẹn ni mo bẹ̀rù.

Ojú nìkan kọ́. Etí ọmọ ènìyàn ń gbọ́ ohùn tó ń mi afẹ́fẹ́ láti nǹkan bí ìgbà 20 sí 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ajá ń gbọ́ tó 45,000, àdán kékeré tó ń jẹ kòkòrò ju 100,000 lọ. Bí ajá àdúgbò wa bá ń gbó lóru tí a ò rí nǹkan, àwọn aládùúgbò a ní iwin ló rí. Lójú tèmi, ohùn tó kọjá etí wa ló gbọ́. Oyin ń rí ìlà lára òdòdó tí àwa kò rí. Oòrùn tó ń ràn yìí gan-an, bó ṣe wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn là ń rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, àwọn bàbá wa kò purọ́.

Ìrántí ló wá le jù, òun sì ni wàá gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1984, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan fipá bá akẹ́kọ̀ọ́ kan lò, Jennifer Thompson lorúkọ rẹ̀. Nínú ìpọ́njú yẹn, ọmọbìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ń wo ojú oníṣẹ́ ibi náà, kí ó má baà gbàgbé rẹ̀. Ọlọ́pàá kó fọ́tò síwájú rẹ̀, ó mú Ronald Cotton. Wọ́n to àwọn ènìyàn sílẹ̀, ó tún mú Cotton. Ó búra ní kóòtù, Cotton sì lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní 1987, wọ́n mú ọkùnrin mìíràn wá síwájú rẹ̀, Bobby Poole, ó ní òun kò rí i rí. Ọdún 1995 ni àyẹ̀wò DNA fi hàn pé Poole ni, kì í ṣe Cotton. Cotton ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́wọ̀n. Jennifer kò purọ́. Ojú Cotton ni ọkàn rẹ̀ ti gbé bọ ojú oníṣẹ́ ibi, tí ó sì dá a lójú. Àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ báyìí, wọ́n sì jọ ń sọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ wọn, àánú àwọn méjèèjì ń ṣe mí.

Mo tún fẹ́ mọ nǹkan kan. Nígbà tí o ké pé fóònù rẹ ti lọ, kí ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ kọ́kọ́ bi ọ́? Ṣé "Ta lo rí?" ni, àbí "Ṣé kì í ṣe lágbájá lo rí yẹn?" Mo ń béèrè nítorí pé ní 1974, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Elizabeth Loftus àti John Palmer, fi fíìmù ìjàǹbá ọkọ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn kan pé eré mélòó ni ọkọ̀ méjèèjì ń sá nígbà tí wọ́n fọ́ ara wọn yángá. Fún àwọn mìíràn, "kọlu" ni wọ́n lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì fífọ́ nínú fíìmù náà rárá. Nínú 50 tó gbọ́ "fọ́ yángá", 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tó gbọ́ "kọlu", 7. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló fọ́ gíláàsì yẹn sínú orí wọn. Ìwọ náà ti bá ọmọ yẹn jà lórí omi ní oṣù tó kọjá. Ọkàn tó ti ń bínú séèyàn kì í pẹ́ rí i níbi tí ohun burúkú bá ti ṣẹlẹ̀.

Má torí èyí wá gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé kò sí òótọ́ kankan, pé àlá ni gbogbo ayé. Mi ò fẹ́ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ nílé mi. Ojú tí o fi ń sọdá títì ní Ìwó Road, òun náà ni kí o máa lò. Ṣùgbọ́n máa wọ̀n ọ́n wò. Bí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè àwọn òrùlé tó ti dípẹtà ní Bẹẹrẹ, á tóbi rẹpẹtẹ. Na apá rẹ, fi ìka kékeré bò ó. Ní àárín òru tó bá ti lọ sókè tó dà bí ẹni kéré, tún fi ìka kan náà bò ó, wàá rí i pé bó ṣe tó nìyẹn láti ìrọ̀lẹ́. Èmi tí mo mọ èyí, tí mo sì ti fi kọ́ ọmọ, tóbi ló ṣì ń tóbi lójú mi. Mímọ̀ kò wo ojú sàn. Ìka ló ń bá wa dá a lẹ́jọ́.

Nítorí náà, jókòó kí o mú bírò. Ní ojú ewé kan, kọ kìkì ohun tó wọ ojú rẹ: èèyàn mélòó, bó ṣe ga tó, ibi tí o dúró, ibi tí ó dúró, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wà, bóyá o rí iwájú rẹ̀ àbí ẹ̀yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó tí o fi wò ó. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn lo rí, kọ ẹ̀yìn. Ní ojú ewé kejì, kọ ohun tí o rò àti ìdí tí o fi rò ó: aṣọ, ìjà omi, ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Ojú ewé tí orúkọ ọmọ yẹn yẹ kó wà, ìwọ ni kí o pinnu rẹ̀, kí o sì bẹ̀rù Ọlọ́run bí o ṣe ń pinnu rẹ̀. Kó ìwé méjèèjì fún ìgbìmọ̀. Sọ fún wọn pé kí wọ́n bi òun náà léèrè ibi tó wà ní àsìkò yẹn kí wọ́n tó gbọ́ tìrẹ tán, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ó bá jẹ́ òun ló mú un lóòótọ́, ìwé yẹn kò ní gbà á sílẹ̀.

Kọ ọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, kí ó dà á kọ, kí ó bá mi mú ẹ̀dà kan bọ̀. Bàbá yín ní kí n kí ọ, wọ́n ní àwọn ti ń bá ọ wá fóònù kékeré kan ní Dùgbẹ̀ tí wàá máa fi pè wá ná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Àjàní.