Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ fi ìwé abúlé ṣe fíìmù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O ní o fẹ́ fi ìwé tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará oko ṣe fíìmù, o sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí kálukú máa sọ. Dáwọ́ dúró ná. Kọ́kọ́ wá fíìmù Akenfield wò, tí wọ́n fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe, kí o fojú sí ohun tí Ronald Blythe kọ fún fíìmù náà, àti ohun tí kò kọ.

Ọmọ Suffolk ni Blythe, ní ìlà-oòrùn England. Ìwé rẹ̀, Akenfield, tó fi ohùn àwọn ará abúlé kọ, jáde ní 1969. Má wá Akenfield lórí máàpù o, orúkọ tó fi bo abúlé náà ni. Charsfield, Debach àti àyíká wọn ló ti jókòó ti àwọn alágbẹ̀dẹ, òṣìṣẹ́ oko, nọ́ọ̀sì àti agbẹ́sàréè. Nígbà tí Peter Hall, olùdarí eré orí ìtàgé tí wọ́n bí ní Suffolk bákan náà, fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù, Blythe kò kọ ìwé eré fún un. Ìlapa ìtàn ló kọ, ojú ìwé 18 péré.

Ojú ìwé 18 yẹn ni iṣẹ́ wà. Ìwé tó kún fún ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè wọ fíìmù bó ṣe wà; bí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀, òǹwòran ò ní rántí ẹnì kankan. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Blythe so gbogbo rẹ̀ mọ́: ọjọ́ ìsìnkú Tom àgbà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Tom lòun náà, ń rò ó bóyá kí òun fi abúlé sílẹ̀. Ohùn bàbá àgbà sì ń sọ sí i létí, nípa ìṣẹ́ ilé àgbẹ̀, nípa ogun, nípa ìgbà tó fẹsẹ̀ rìn dé ìlú Newmarket láti wá iṣẹ́, tó sì padà lọ́wọ́ òfo. Garrow Shand kan náà ló ṣe Tom, tó ṣe bàbá rẹ̀, tó tún ṣe bàbá àgbà nígbà ọ̀dọ́. Kò sí àlàyé tó lè sọ ọ́ yé èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ pé oko kan náà ló di ìran mẹ́ta mú.

Ará abúlé ló ṣeré, ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn ni wọ́n sì sọ. Bí o bá há gbólóhùn fún àgbẹ̀, ohùn ìkàwé ni yóò fi sọ ọ́. Ohun tí ẹni náà ń wá nínú ìran yẹn ni kí o sọ fún un, kí o sì fi í sílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò ní sọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, títò ó pọ̀ á wá le. Nítorí náà, ya ojú ẹni tó ń gbọ́, ya ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, kí o lè rí nǹkan fi bo ibi tí o bá gé.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa jẹ róòlù fíìmù inú kámẹ́rà púpọ̀. Techniscope, ọ̀nà ìyàwòrán tó ń dín fíìmù kù, ni wọ́n lò: ihò etí fíìmù 2 ni fréèmù (àwòrán kan ṣoṣo) kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí fíìmù mílímítà 35, dípò 4. Róòlù ẹsẹ̀ bàtà 400 tí ì bá tán ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀ á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n fréèmù kéré, wọ́n ní láti fẹ̀ ẹ́ kó tó dé sinimá, hóró, ìyẹn àwọn àmì wínníwínní inú fíìmù, á sì hàn lára àwòrán. Àlàfo àárín fréèmù tín-ín-rín pẹ̀lú, irun kékeré kan tó há sí géètì kámẹ́rà, ojú ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kan fíìmù, lè yọjú sínú àwòrán. Máa yẹ géètì wò nígbàkígbà tí o bá pààrọ̀ róòlù.

Àwọn tó ń ṣeré ní iṣẹ́ tiwọn, torí náà òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ya fíìmù, fún bí ọdún kan. Èrè rẹ̀ ni pé òjò, yìnyín àti ìkórè jẹ́ ti òótọ́. Ewu rẹ̀ ni pé wọ́n lè kórè àlìkámà kí o tó padà dé, tàbí kí ẹnì kan gé irun. Ìran tí o bá bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, parí rẹ̀ ní Sọ́ńdè.

Blythe fúnra rẹ̀ ló ṣe àlùfáà níbẹ̀, ó sì yẹ ẹ́, torí ó máa ń ka ìwàásù ní ìjọ Áńgílíkà. Benjamin Britten ni Hall kọ́kọ́ fẹ́ fún orin. Àìsàn kò jẹ́, ni wọ́n bá lo orin Michael Tippett. Ní January 1975, tẹlifíṣàn London Weekend gbé fíìmù náà jáde, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 10 ló sì wò ó.

Kọ ojú ìwé 18 tìrẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó háyà kámẹ́rà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ