Wọn ò tíì fún èdè abínibí láàyè kí wọ́n tó wọ́gi lé e

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ níléèwé. Àkúrẹ́, nílẹ̀ Yorùbá níbí, ni Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè ti jókòó fẹnu kò lé e lórí. Àlàyé wọn ni pé agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ló ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ó dùn mí. Ọdún 2022 ni ìjọba Bùhárí fọwọ́ sí ìlànà náà. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún yẹn ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ́gi lé e. Ìgbà wo ló ráyè ṣe WAEC?

Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí. Láti ìgbà tí ìlànà yẹn ti jáde, ìwé ìṣirò tí a fi ń ṣiṣẹ́ kò yí padà, Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀ ni. Láìpẹ́ yìí mo kọ ìbéèrè kan sójú bọ́ọ̀dù ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo kíláàsì dákẹ́, wọ́n ń wojú mi. Mo tún un sọ ní Yorùbá: ìyá kan ní ọsàn 48, ó fẹ́ pín in dọ́gba fún ọmọ mẹ́fà, mélòó mélòó ló máa kàn wọ́n? Ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, ló kọ́kọ́ nawọ́. "Mẹ́jọ mẹ́jọ ni, mà!"

A sì ti dán an wò rí. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ St. Stephen's "A" ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ lọ́tọ̀. Wọ́n kọ ìwé tuntun, wọ́n sì dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, àwọn tó fi Yorùbá parí ló ṣe dáadáa jù, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn òbí lẹ́rù. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún tèmi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìṣirò kò yé, tí a tún ń nà nítorí pé ó sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì wo ló fẹ́ gbọ́?

Àwọn gómìnà wa lágbára lórí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èkó ti ṣe òfin lọ́dún 2018 pé kí gbogbo iléèwé máa kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Mo bẹ ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù kí wọ́n dáwó jọ, kí wọ́n tẹ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, kí ó sì dọ́wọ́ wa kí sáà tuntun tó wọlé.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan,
Ìbàdàn