Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ ní Leeds

Òṣogbo,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àdùkẹ́ mi,

Iná wà lálẹ́ yìí, àwọn ọmọ ti sùn, mo sì ti pinnu pé n kò ní kọ kóòdù kankan, lẹ́tà rẹ ni mo máa kọ. Báwo ni òtútù ibẹ̀? Ṣé o ti ra kóòtù tó nípọn yẹn? Mo gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ wa kọjá lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn. Mo dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ojú mi ń wá a.

Bàbá Títí ti padà sẹ́nu iṣẹ́, Títí wọ JSS1, ẹ̀yìn kò dùn mí mọ́.

O bi mí lórí fóònù bóyá iṣẹ́ áàpù fóònù tí mò ń kọ ń mówó wá. Ó ń mówó wá, àmọ́ kì í gba ọ̀nà tí mo rò. Áàpù ìdánwò tí mo ṣe fún àwọn ọmọ SS3 yẹn, ìpolówó ni mo fi sínú rẹ̀. Nígbà tí owó ibẹ̀ pé dọ́là 10, Google tó ń san owó ìpolówó náà fi lẹ́tà tó ní nọ́ńbà mẹ́fà nínú ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé ibi tí mo ní mò ń gbé ni mò ń gbé lóòótọ́. Mo ṣì tọ́jú lẹ́tà náà sínú Bíbélì. Wọn kì í sanwó àfi bó bá pé dọ́là 100, oṣù mẹ́rìnlá ló sì gbà mí. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí ẹnikẹ́ni má máa tẹ ìpolówó torí kó lè ràn mí lọ́wọ́, nítorí bí wọ́n bá rí i pé èèyàn ẹni ló ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa. Ohun tó ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ gan-an ni iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń gbé wá bá mi: ilé oògùn kan tó fẹ́ máa mọ iye oògùn tó kù lórí àtẹ, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó fẹ́ kí àwọn òbí máa rí èsì ìdánwò lórí fóònù. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣì jẹ mí ní ìdajì owó iṣẹ́ náà. Ìdajì tí wọ́n san ni mo fi ra bátìrì sólà. Òun ni mo ń lò láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago kan, torí láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, owó oṣù olùkọ́ kò lè gbé jẹnẹrétọ̀ mọ́.

Ti iPhone, mo ti fi sílẹ̀. Dọ́là 99 ni Apple ń gbà lọ́dọọdún lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbé áàpù síbẹ̀, àwọn tí mò ń ṣe áàpù fún kò sì lo iPhone. Dọ́là 25 tí o bá mi san fún Google láti ṣí àkáǹtì Play Store, ibi tí wọ́n ń kó áàpù Android sí, nígbà tí káàdì náírà mi kọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, n kò sì gbàgbé rẹ̀.

Àmọ́ áàpù àjọ ni kò jẹ́ kí n sùn.

O mọ Ìyá Alájọ wa l'Ọ́jà Ọba. O mọ káàdì wọn, àpótí 31. Ẹni tó bá ń dá 1,000 náírà lójúmọ́, tí oṣù bá pé, wọ́n á mú ti ọjọ́ kan, wọ́n á ka 30,000 fún un. Káàdì yẹn ni mo gbé sójú fóònù fún wọn: orúkọ èèyàn 43, àpótí 31 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá ti tẹ àpótí, á di àwọ̀ ewé. Flutter, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ áàpù, ni mo fi kọ ọ́. Inú fóònù wọn ni gbogbo àkọsílẹ̀ ń gbé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró láàárín ọjà. Orí WhatsApp ni mo gbà fi ránṣẹ́ sí wọn, kò tíì dé Play Store. Wọ́n ń fún mi ní 2,000 lóṣù, alájọ mẹ́ta mìíràn sì ti ń béèrè rẹ̀. Mo ti ń fọkàn ṣírò rẹ̀ pé bí alájọ bá pé ogún, màá lè san owó ilé láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Èmi ni mo ní kí wọ́n pa káàdì tì. Èmi ni, Àdùkẹ́. Wọ́n ní kí á ṣì máa lo méjèèjì pọ̀ ná, mo ní kò pọn dandan.

Ní ọjọ́ 26 oṣù tó kọjá, àwọn kan já fóònù náà gbà lọ́wọ́ Ìyá nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Ìyá dé ilé mi ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n wà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi mú owó àwọn èèyàn jáde nínú ẹ̀rọ rẹ." Kò sí nínú ẹ̀rọ mi. Kò sí níbì kankan. N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn.

Alẹ́ mẹ́ta gbáko la fi ń pe èèyàn 43 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì rọrùn. Ti àwọn tó ń san owó lọ́wọ́ ni ìjàngbọ̀n, ẹnu nìkan ni ìwé wọn. Nígbà tí a ro ó pọ̀, ohun tí àwọn èèyàn ní àwọn dá fi 38,000 ju owó tó wà ní báńkì lọ. Ìyẹn ni pé ẹnì kan, àbí ẹni púpọ̀, ń bu kún tirẹ̀. Ojú tí mo fi ń wo olúkúlùkù yí padà látìgbà náà. Obìnrin kan ní òun dá ọjọ́ 26 pé, Ìyá ní ó lọ síbi ìsìnkú n'Íwòó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, àwọn kò rí i lọ́jà, ọjọ́ 19 ni. Èmi ni mo dá sí i. Mo ní kí a kọ 19. Iye tó ṣì kù, èmi àti Ìyá pín in san.

Mo ti tún áàpù náà kọ láti ìpìlẹ̀. Ohun tí ojú mi kò rí tẹ́lẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí ni káàdì yẹn. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ alájọ, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń dá àjọ, kò sí ẹni tó lè dá nìkan yí i. Èmi wá kó ẹ̀rí àwọn méjèèjì sínú fóònù ẹnì kan. Ní báyìí, bí alájọ bá ti tẹ àpótí, ẹni tó dá owó á rí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, ìbáà ṣe fóònù kékeré oníbọ́tìnnì. Tó bá di alẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wà, ẹ̀dà kan á lọ sí ibòmíràn, ní títì pa kí ẹlòmíràn má bàa lè kà á. Owó àtẹ̀jíṣẹ́ ń jẹ nínú 2,000 tí mò ń gbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan, ṣùgbọ́n n kò ní yọ ọ́. Káàdì náà sì ti padà sọ́jà.

Mo fẹ́ gbé e lọ sí Play Store báyìí. Àkáǹtì bíi tèmi, tí a ṣí lẹ́yìn oṣù kọkànlá ọdún 2023, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní èèyàn 12 tí yóò dán áàpù náà wò fún ọjọ́ 14 láìdá a dúró. 20 ni wọ́n ń béèrè tẹ́lẹ̀. Mo ti rí 9. Ṣé o lè bá mi wá mẹ́ta nínú àwọn obìnrin tí ẹ jọ ń dá àjọ níbẹ̀? Android ni kí fóònù wọn jẹ́, kí wọ́n sì má jáde kí ọjọ́ náà tó pé.

Mo ti kọ lẹ́tà yìí débí, n kò tíì sọ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó.

Obìnrin ọjọ́ 19 yẹn, Màmá yín ni.

Wọn kò bínú lọ́jọ́ náà. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n so 18,000 tí a kà fún wọn mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo tan fóònù mi àtijọ́ láti fi dán iṣẹ́ tuntun wò. Mo ti gbàgbé pé ní ọjọ́ 20 oṣù yẹn, mo da àkọsílẹ̀ Ìyá sórí rẹ̀ láti wá àṣìṣe kan. Mo ṣí orúkọ Màmá. Gbogbo àpótí wọn títí dé 20 ló ti di àwọ̀ ewé. Láti 13 dé 19, ọjọ́ 12 ni Ìyá tẹ gbogbo wọn. Màmá ti san án sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí Ìwó. Ìyá ló gbàgbé, èmi sì ni mo gba ti Ìyá gbọ́. Ẹni tó gbà mí sílé ní gbogbo àsìkò WAEC, èmi ni mo dúró níwájú wọn tí mo ní kí a kọ 19.

Èmi àti Ìyá gbé 7,000 lọ sílé wọn. Wọ́n ní kí a jẹun, a jẹun. Wọ́n ní kí a gbé owó wa padà, pé àwọn ti gba iye tí àwọn dá. Láti ìgbà náà, inú kóló ni wọ́n ń kó owó sí. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ.

Jọ̀wọ́, bá mi pè wọ́n. Má bá wọn dárúkọ owó. Sọ fún wọn pé mo ní èmi ni mo ṣẹ̀, kì í ṣe Ìyá, pé mo fẹ́ wá kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá ní kí n má wá, sọ fún mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ.