Àjàní, ta ló gbé agbòòrùn yẹn?

Ìbàdàn.

Àjàní ọmọ mi,

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti gbúròó rẹ kẹ́yìn. Bí mo bá pè, fóònù á dún títí á fi gé. Ìyá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ ní Kánádà. Ó dáa. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì lọ́jọ́ Àìkú, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò. Owó páànù tí o ní o máa fi ránṣẹ́ kò tíì dé, àmọ́ kì í ṣe torí páànù ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi ìtàn tí o ń kọ fún géèmù yẹn hàn mí. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìlú tó rọ̀ sójú sánmà, ẹṣin tó ń yọ iná lẹ́nu, Balógun tó gùn ún, tí o to ìran rẹ̀ dé orí ọba keje. Orí rẹ pé. Àfi ìgbà tí mo rí i pé oríkì ilé wa lo fi ki Balógun náà, o ní òun ni baba ńlá wa. Ẹrú kan sì ń gbé agbòòrùn lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O ò fún un lórúkọ. Àjàní, ta ló gbé agbòòrùn yẹn?

Baba ńlá rẹ kò gun ẹṣin rí. Ọmọ ogun tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó ń ru ìbọn tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ ni, láyé Ìbíkúnlé Balógun Ìbàdàn. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, ní òun ò ní foríbalẹ̀ fún Adélù ọmọ Àtìbà tó jọba, pé Àrẹ̀mọ ló yẹ kó bá baba rẹ̀ kú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù. Ó dogun. Ebi ti han Ìjàyè léèmọ̀ kó tó fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862. Ibẹ̀ ni baba ńlá rẹ ti fi okùn fa ọmọbìnrin kan wálé, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Nígbà tó dàgbà, ó fi ṣaya. Òun ló bí bàbá bàbá mi. Ìyá Ìjàyè ni gbogbo ilé ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó rántí bi í.

Bàbá mi bá a láyé. Ó ní ẹ̀gbà idẹ kan máa ń wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, kì í bọ́ ọ. Bí ìyá bá sùn lọ, bàbá mi, ọmọdé nígbà náà, á rọra tì í sókè. Àpá okùn wà lábẹ́ rẹ̀, ó yí ọrùn ọwọ́ ká, ó dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin.

Ta ló wá kọ́ ọ ní ìtàn ẹlẹ́ṣin? Èmi ni. O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. A ti ìpàdé ẹbí dé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àgbàlagbà kan ti dìde níbẹ̀ pé kí ni ọmọ ẹrú fẹ́ gbà. O gbọ́. Lálẹ́, o bi mí pé ṣé ẹrú ni wá. Iná ò sí, o ò rí ojú mi. Mo ní rárá o, Balógun ni baba wa, ẹṣin funfun ló ń gùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fo Ìyá Ìjàyè bí mo bá ń kì ọ́. Bàbá mi bẹ̀ mí kó tó kú pé kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ. Mo ní mo ti gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀bi mi pọ̀ ju tìrẹ lọ. Síbẹ̀ mò ń bá ọ wí! Ṣé o ò lè bi mí kí o tó kọ ọ́? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé wàá bímọ síbẹ̀, wọn á fẹ́ràn ẹlẹ́ṣin, wọn ò ní wo ẹni tó gbé agbòòrùn. Jẹ́ kí ẹṣin rẹ máa yọná lọ, ó wù mí. Àmọ́ fún ẹni yẹn lójú, fún un lẹ́nu.

Ṣé ò ń jẹun? Ìyá rẹ ti lọ ẹ̀lùbọ́ sílẹ̀ fún ọ, ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀ là ń wá.

Ẹ̀gbà náà wà nínú àpótí mi, inú òfì bàbá mi ni mo wé e sí. Mo gbìyànjú láti wọ̀ ọ́ lánàá. Kò kọjá àtàǹpàkò mi. Pè mí, Àjàní, kódà bó jẹ́ òru.

Bàbá rẹ