Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò tíì gbé ẹ mì? Àwa wà níbí. Màmá ti kúrò ní ọsibítù, Ṣọlá bí obìnrin, ilé epo iwájú ilé wa ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tán.

Fíìmù kan tí èmi àti Tọ́lá wò lálẹ́ àná ni ò jẹ́ kí n sùn. Má rẹ́rìn-ín o, èmi tí mo máa ń hanrun tí wọn ò bá tíì ja ìjà nínú fíìmù! Ti Iran ni, Abbas Kiarostami ló ṣe é ní 1987. Ọmọkùnrin kan ní abúlé Koker ṣèèṣì mú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ délé. Tíṣà sì ti ní bí ọ̀rẹ́ yẹn ò bá tún kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sínú ìwé rẹ̀, òun á lé e. Ọmọ fẹ́ dá ìwé padà. Ìyá ní kó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kó mi ọmọ ọwọ́, kó lọ ra búrẹ́dì. Ó bá sá gun òkè lọ sí Poshteh, abúlé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò mọ ilé. Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀, àyà mi sì ń já títí.

Bàbá àgbà rẹ̀ rán an lọ mú sìgá, sìgá sì wà lápò bàbá! Ó ní kí ọmọ lè mọ ìgbọràn ni. Ó ní bàbá tòun máa ń fún òun ní kọ́bọ̀ lọ́sẹ̀, á sì na òun lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó lè gbàgbé kọ́bọ̀, kì í gbàgbé ẹgba. Ṣé o rántí Bàbá Òkè-Àdó?

Ní 1990, ilẹ̀ mì tìtì lágbègbè yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú. Kiarostami wakọ̀ lọ wá àwọn ọmọ inú fíìmù rẹ̀. Ó fi ìrìn náà ṣe fíìmù mìíràn ní 1992. Fíìmù parí, a ò rí wọn. Tọ́lá bú sẹ́kún. Àfi ìgbà tí mo rí i pé wọ́n wà nínú èyí tó ṣe ní 1994 ni ọkàn wa tó balẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, fóònù ẹ ò wọlé mọ́. Màákì kan ṣoṣo ló ń hàn lórí WhatsApp. Bùkọ́lá ní o ti kó kúrò ní ilé yẹn, pé iṣẹ́ ti bọ́. Ẹlòmíì ní ìwọ àti Bàbá Dámi ò sí pọ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n yéé fi ẹ́ ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Ṣé èmi ni mo máa wá fi ẹ́ ṣẹ̀sín? Mi ò sì ní í tọrọ owó, jọ̀ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀, pẹ̀lú èlùbọ́ àti irú. Kọ àdírẹ́sì tuntun fún un kó mú un bọ̀ wá fún mi. Bó ò bá fẹ́ kí n mọ ilé, kọ nọ́ńbà tó ń wọlé nìkan. Mi ò ní fi han Bùkọ́lá.

Tètè gbé irú yẹn sínú fíríìsà o, kí ará ilé kejì má pe ọlọ́pàá.

Èmi ni,
Àsàkẹ́