Orin Tí Wọ́n Á Bá Yín Gbè Ni Kẹ́ Ẹ Yàn ní Karaókè

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún àwọn tó ń múra àtiwá ṣiṣẹ́ tàbí kàwé ní Japan, ó wúlò gan-an, mo tiẹ̀ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi n'Íbàdàn, ṣùgbọ́n ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò dá. Ẹ ní tí àwọn ará ibiṣẹ́ bá mú èèyàn lọ sí karaókè, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti máa ń lu orin téèyàn á sì fi ẹnu ara ẹ̀ kọ ọ́, kó ṣáà kọ orin òyìnbó tó bá mọ̀, pé kò sẹ́ni tó retí kí àlejò mọ orin wọn. Òótọ́ ni, wọn ò retí ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí lára wa tí àjèjì bá ṣàdédé kí wa ní Yorùbá, ṣé irú ìyẹn ló yẹ ká ní káwọn èèyàn wa fi sílẹ̀?

Ọdún keje mi rèé nílùú Kobe ní Japan níbí, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ, yàrá kékeré kan báyìí, àwa mẹ́jọ, orin òyìnbó ni mo kọ, ohùn mi já gaara, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá mi gbè é. Mo jókòó, inú mi ò dùn rárá, torí níbi tí wọ́n ti bí mi, téèyàn bá dá orin tí wọn ò gbè é, ńṣe ló dà bí ẹni tó kí èèyàn tí wọn ò dá a lóhùn.

Ìgbà kejì ni mo kọ orin Japan kan, Ue o Muite Arukō. Kyu Sakamoto ló kọ ọ́ jáde lọ́dún 1961, Rokusuke Ei ló ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, Hachidai Nakamura ló ṣe ohùn ẹ̀. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá ló ń dá rìn lálẹ́, tó gbójú sókè kí omijé má baà já bọ́. Orin yìí gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 3 lọ́dún 1963, èdè Japan ni wọ́n sì fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀ o, àmọ́ wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí Sukiyaki, ìyẹn ẹran màlúù tí wọ́n máa ń sè nínú ìkòkò lórí tábìlì, ó ṣì ń bí mi nínú, ta ló máa pe orin ẹkún ní ẹ̀fọ́ rírò? Ẹ jẹ́ n padà síbi tí mo wà. Mi ò tíì kọ ìlà kejì tán tí ìyá tó dàgbà jù láàárín wa fi gbè é, kí n tó mọ̀, gbogbo yàrá ti ń gbè é, nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti ń súfèé, àní ọ̀gá wa tí kì í sọ̀rọ̀ súfèé! Ìyá yẹn ló wá sọ fún mi pé Sakamoto wà nínú ọkọ̀ òfúrufú tó já lóṣù kẹjọ ọdún 1985, Tokyo ló ti gbéra, Osaka tí ò jìnnà sọ́dọ̀ wa níbí ló ń bọ̀, èèyàn 520 ló kú. Ó ti lé lọ́dún kan tá a ti jọ ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ jọ sọ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ẹlòmíì á ní ohùn òun ò dáa. Kó gbọ́ bí ẹ̀rọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ná. Kobe yìí náà ni Daisuke Inoue ti ṣe ẹ̀rọ karaókè tiẹ̀ lọ́dún 1971, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Shigeichi Negishi ti ṣe tiẹ̀ ní Tokyo ní 1967. Iṣẹ́ Inoue ni kó máa lu orin fáwọn tó ń kọrin nílé ọtí, oníbàárà ẹ̀ kan wá ní kó tẹ̀lé òun lọ síbì kan, àyè ò gbà á, ló bá gba orin náà sínú téèpù fún un, ó lù ú bó ṣe máa bá ohùn ọkùnrin náà mu. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ẹ̀rọ lè ṣe iṣẹ́ yìí, ó ṣe 11, ó fi ń háyà fáwọn ilé ọtí, kò sì gba ìwé òfin kankan pé òun lòun ni ín. Ṣé ẹ rí i, àti ilẹ̀ ló ti jẹ́ pé orin ló ń tẹ̀lé ẹni tó ń kọ ọ́. Títí dòní bọ́tìnì wà lára rìmóòtù tẹ́ ẹ fi lè gbé ohùn orin wálẹ̀ tàbí sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà ló pọ̀ nínú yàrá, Kawa no Nagare no Yō ni ti Misora Hibari ni kẹ́ ẹ kọ, 1989 ló jáde, ọdún yẹn náà ni Hibari kú, ẹ kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, mo ti rí ẹni tó sunkún sí i. Tára àwọn èèyàn bá yá, Linda Linda ti The Blue Hearts, 1987, orúkọ orin yẹn náà ni ègbè ẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á máa fò. Orin kátúùnù Evangelion tí Yoko Takahashi kọ lọ́dún 1995, Zankoku na Tenshi no Thesis, ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Lemon ti Kenshi Yonezu, 2018, dùn, àmọ́ ohùn ẹ̀ máa ń ṣàdédé fò sókè, ẹ fi kọ́ra nílé ná. Idol ti YOASOBI tó jáde ní 2023, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀, ó yára jù, ẹnu àwọn onílé gan-an ń kọ́ sí i.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èdè wọn dẹ́rù bà yín. Fáwẹ̀lì 5 péré ni wọ́n ní, sílébù wọn sì sábà máa ń parí sí fáwẹ̀lì bíi tiwa, ẹ pe a-ru-ko-o wò, ẹnu wa gbà á àbí kò gbà á? tsu àti z ló máa ń yọ wá lẹ́nu. Kẹ́ ẹ ṣáà ṣọ́ fáwẹ̀lì tó gùn, obasan ni àǹtí, obaasan ni ìyá àgbà, ẹ má gé e kúrú. Ọ̀rọ̀ orin máa ń wà lójú sikirínì, àwọ̀ ẹ̀ á máa yí bẹ́ ẹ ṣe ń kọ ọ́ lọ, wọ́n á sì fi hiragana kéékèèké, ìyẹn lẹ́tà tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, sórí àwọn kanji tó le, ìyẹn àmì tó dúró fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, hiragana tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ò ju 46 lọ.

Mi ò bínú sẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn o, ẹ bá mi kí i. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí jáde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yí bí mo ṣe kọ orúkọ àwọn orin yìí padà, kí ẹni tó bá fẹ́ wá wọn lórí YouTube lè rí wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Kobe