Ọmọ Ọlájùwọ́n kò sá nílé ìwé, Bàbá mi

Houston, Texas
24 June, 1984

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé Màámi ń kan ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan lóru kí gbogbo ilé lè dìde jẹ sààrì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Níhìn-ín, oòrùn kì í wọ̀ títí aago mẹ́jọ alẹ́ fi ń kọjá, ooru Houston kò sì yàtọ̀ sí ti Èkó, nítorí náà ààwẹ̀ ọdún yìí gùn fún wa. Ṣùgbọ́n a ò já ọ̀kan sílẹ̀. Àwa mẹ́rin tí a jọ ń gbé la jọ ń fi kúákà ṣínu.

Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì. Mo dúpẹ́ pé ara le, mo sì bá yín kẹ́dùn wàhálà tí ẹ rí lórí ìlà báńkì nígbà tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ náírà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà náà, torí ibì kan wà nínú rẹ̀ tó wọ̀ mí lára. Ẹ ní àwọn kan ń sọ ọ́ ní mọ́sálásí pé ọmọ Ọlájùwọ́n oníṣímẹ́ńtì ti fi ìwé sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá béèrè pé bí ẹni tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni yóò dá èmi náà dúró?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Òótọ́ ni pé Akeem, ọmọ Ọlájùwọ́n náà, ti kúrò ní Yunifásítì Houston nígbà tó ṣì ku ọdún kan tó lè fi gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún yín kọ́ ló rí.

Wọ́n ní New York ló kọ́kọ́ balẹ̀ sí lóṣù October 1980, òtútù ibẹ̀ sì bá a débi pé ó ní kí wọ́n yáa wá ọkọ̀ òfuurufú Houston fún òun, níbi tí ooru wà bíi tilé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà náà. Ní Muslim Teachers College l'Ékòó, bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ló ń gbá, ó sì máa ń ṣe gólì nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì rárá kó tó gbéra nílé. Nígbà tó dé, ọdún kan gbáko ni kóòṣì wọn, Guy Lewis, fi ní kó máa kọ́ṣẹ́ láìwọ ìdíje kankan. Ìgbà tí ilé ìwé bá sì gba ìsinmi, ó máa ń lọ sí gbọ̀ngàn Fonde láàárín ìlú, níbi tí Moses Malone ti ń bá a du bọ́ọ̀lù lábẹ́ àwọ̀n. Moses yẹn tóbi, ó le, kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ilé ẹ̀kọ́ girama ló ti bọ́ tààrà sínú iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ní 1974, kò wọ yunifásítì rárá. Ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Akeem ti kọ́ṣẹ́.

Mo ti lọ wò ó ní Hofheinz Pavilion, gbọ̀ngàn bọ́ọ̀lù yunifásítì wọn, níbi tí a ti máa ń ra ìjókòó tó ga jù torí òun ló pọ́ọ́kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa wò, Bàbá, kì í ṣe ọwọ́. Á kẹ̀yìn sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, á mi èjìká sí ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ lọ. Onítọ̀hún á tẹ̀lé e. Kí ó tó ṣẹ́jú, Akeem ti yí sí òsì, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Bó bá sì jẹ́ ẹlòmíràn ló fẹ́ jù ú, á ta sókè bíi gólì tó fẹ́ mú pẹnárítì, á gbá a dànù. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí Èkó lára rẹ̀. Ní sáà tó kọjá yìí, kò sí ọmọ yunifásítì kan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó gba bọ́ọ̀lù tó ta padà lára irin tó o: 13.5 nínú ìdíje kan, tí a bá ṣírò rẹ̀ káàkiri sáà.

Ọdún mẹ́ta léra wọn ló bá Houston dé ibi tí ó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré nínú ìdíje gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà. Àṣekágbá ti 1983 ṣì ń dùn mí. Ẹnu 52 sí 52 ni Houston àti Yunifásítì North Carolina State wà, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù. Ọmọ North Carolina State kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò tó. A ti ń mí kanlẹ̀. Àfi bí Lorenzo Charles, ọmọ ẹgbẹ́ North Carolina State náà, ṣe fò, tó he é lójú ọ̀run, tó sì gbé e bọ inú àwọ̀n. 54 sí 52, eré parí. Nínú yàrá tí a ti ń wò ó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Akeem nìkan ju àmì 20, ó gba bọ́ọ̀lù 18, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù nínú ìdíje tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Ní April ọdún yìí, wọ́n tún dé àṣekágbá ní Seattle, Yunifásítì Georgetown àti Patrick Ewing, agbábọ́ọ̀lù wọn, sì na wọ́n, 84 sí 75.

Nítorí èyí ni àwọn kan níhìn-ín náà ṣe ń sọ pé kó padà wá gba ife kó tó lọ. Wọ́n ní Ewing ṣáà ń padà sí Georgetown. Mo bọ̀wọ̀ fún Ewing. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí, Bàbá mi. Ohun tí ilé ìwé ń fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni owó ilé ìwé, yàrá, oúnjẹ àti ìwé kíkà. Òfin NCAA, àwọn tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, kò gbà kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún un. Gbọ̀ngàn ń kún, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e káàkiri, owó ń wọlé, òun kò sì ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Bí orúnkún bá yẹ̀ lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ló parí sí. Sam Bowie wà ní Yunifásítì Kentucky, òun náà ga bí ìrókò. Egungun ojúgun rẹ̀ sán, odindi sáà méjì ni kò fi lè gbá bọ́ọ̀lù. Ọlọ́run ló bá a ṣe é tó dìde. Ta ló fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ dán irú ìyẹn wò nítorí ife tí wọ́n máa gbé sínú àpótí gíláàsì?

Kíkúrò láìparí báyìí kì í ṣe ìwà ìpáǹle níhìn-ín. Nígbà kan, òfin NBA, ìdíje àwọn tó fi básíkẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́, ni pé ọdún mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó lè gbà á. Spencer Haywood, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ìyá rẹ̀ ń ṣa òwú ní Mississippi, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, Haywood sì jàre ní 1971. Láti 1976, ẹni tó bá wù kó lọ kàn máa kọ̀wé ni, pé òun jọ̀wọ́ àǹfààní tó kù fún òun ní yunifásítì. Ìwé yìí ni Akeem kọ. Clyde Drexler tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù kọ irú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ NBA ti Portland báyìí.

Kò tilẹ̀ kúrò nílùú! Èyí ló wú mi lórí jù. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ NBA máa ń yan ọmọ tuntun ní ìtẹ̀léra. Ẹgbẹ́ Rockets ti Houston níbí àti Portland ló ń du ẹni tó máa kọ́kọ́ yan ọmọ, owó ẹyọ ni wọ́n jù sókè, Rockets ló sì jẹ ẹ́. Ìdíje 29 péré ni wọ́n borí nínú 82 ní sáà tó kọjá, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, 19 June, a kóra jọ sílé ẹnì kan tó ní kébù. A tó mẹ́tàlá nínú pálọ̀ kan. Àwa tí à ń gbààwẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ Ìgbò méjì wà lórí àga, ìyàwó onílé gbé ọmọ pọ̀n. New York ni wọ́n ti ń ṣe ètò yíyan ọmọ náà, nínú Madison Square Garden. David Stern tó di ọ̀gá NBA lóṣù February ló bọ́ síwájú. Orúkọ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Akeem Olajuwon. Ó pè é bí ahọ́n rẹ̀ ṣe lè gbé e, ṣùgbọ́n àwa gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń wí. Ọlá jù wọ́n. Ìyàwó onílé bẹ̀rẹ̀ sí í jó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Akeem dìde nínú kóòtù dúdú àti bótáì bí ẹni tó ń ṣègbéyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn tó yí i ká dà bí ọmọdé. Omijé bọ́ lójú mi, Bàbá, mi ò lè purọ́ fún yín. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń wò wá ní òkè yìí bí a bá ti la ẹnu tí wọ́n gbọ́ ohùn wa.

Bowie ni wọ́n mú ṣe ìkejì, Portland ló gbà á. Ẹni kẹta ni Michael Jordan ti North Carolina, àwọn tó lé Houston jáde ní 1982, òun náà fi ọdún kan sílẹ̀. Ẹni karùn-ún, Charles Barkley láti Auburn, fi tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́, mẹ́ta ni kò dúró parí. Ẹ sọ fún àwọn ará mọ́sálásí.

Wàyí o, ó ku ọ̀rọ̀ tèmi, òun gan-an ló sì le fún mi láti kọ.

Owó tí ẹ fi ìwé rẹ̀ sí báńkì láti January kò tíì dé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Láti ìgbà tí ìjọba tuntun ti dé ni ọ̀nà owó òkèèrè ti há mọ́ gbogbo wa, àwọn kan nínú wa ti ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ẹlòmíràn. Ilé ìwé mi ti kọ̀wé pé bí gbèsè sáà tó kọjá kò bá tán, n kò ní lè forúkọ sílẹ̀ ní ìparí August. Mo tún fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín, mo tọrọ àforíjì. Láti February ni mo ti ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ìwé fọwọ́ sí i, kò lòdì sí físà mi. Ojú ló ń tì mí láti sọ, torí mo mọ ohun tí ẹ tà kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nínú ààwẹ̀ yìí, èéfín omi gbígbóná á bò mí lójú, òórùn adìyẹ díndín á máa fẹ́ sí mi nímú, n ó sì máa to abọ́ lọ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan wà láàárín ìlú tí owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ti ibi tí mo wà. Ẹ jẹ́ kí n lọ síbẹ̀ fún sáà méjì. Bí owó bá dé, n ó padà, wọn á sì ka iṣẹ́ tí mo bá ṣe níbẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé mo ti kúrò ní yunifásítì, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọkàn yín pòrúúru. Akeem kúrò torí iṣẹ́ tó kọ́ ti dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Èmi kò ní bọ́ọ̀lù, Bàbá mi. Ìwé ni mo ní, n kò ní í jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàṣẹ pé kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Màámi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí wọ́n má sunkún. Ẹ má sì ta ilẹ̀ kankan mọ́ nítorí mi.

Mo gé àwòrán Akeem nínú ìwé ìròyìn, mo ká a sínú lẹ́tà yìí fún àbúrò mi kékeré. Kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó má fi ṣeré nínú omi. Ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa mú un wá, bóyá yóò bá yín nínú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Ẹ fi èsì rán an padà sí mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa lò.

Aago mẹ́rin òru ti lù. Àwọn tó kù ti ń gbé omi kaná fún sààrì, wọ́n ń pè mí.

Èmi ni ọmọ yín.